Ìfiwéra pírósẹ́sọ̀ Intel àti AMD

Pírósẹ́sọ̀ ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe gbogbo ìṣirò tí ètò orí kọ̀ǹpútà bá pa láṣẹ. Àwọn ènìyàn a máa pè é ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ méjì láti Amẹ́ríkà, Intel àti AMD, ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn pírósẹ́sọ̀ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows. Àpilẹ̀kọ yìí fi ọjà àwọn méjèèjì wéra lórí iye owó àti agbára iṣẹ́, ní ojú ìwòye ẹni tí ó ń ra kọ̀ǹpútà ní ìlú Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìwó, ìlú Olúwòó tí àwọn Yorùbá mọ̀ mọ́ odídẹrẹ́, jẹ́ ìlú ilé-ẹ̀kọ́. Yunifásítì Bowen, tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà dá sílẹ̀, ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láti 2002. Láti 2015 pẹ̀lú, kò sí ọmọ tí ó lè ṣe ìdánwò JAMB lórí ìwé mọ́; ojú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà ti wá di ohun tí òbí ń dá owó jọ rà fún ọmọ, bí wọ́n ti ń dá owó ilé-ìwé jọ. Bí wọ́n bá sì ra èyí tí kò tọ́, ó lè tó ọdún mélòó kan kí wọ́n tó lè ra òmíràn.

Bí ìdíje náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Robert Noyce àti Gordon Moore dá Intel sílẹ̀ ní oṣù Keje 1968 ní Kalifóníà. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1969, tí Jerry Sanders àti àwọn méje mìíràn dá AMD sílẹ̀. Noyce, Moore àti Sanders ti jọ ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Fairchild, nítorí náà ìdíje wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dà bí ti àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà tí wọ́n sì wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kọjú síra wọn.

Ní 1971 Intel gbé 4004 jáde, pírósẹ́sọ̀ kékeré kan tí tíránsísítọ̀ 2,300 wà nínú rẹ̀. Ní 1978 ó ṣe 8086, tí èdè àṣẹ rẹ̀, x86, ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ fún kọ̀ǹpútà Windows títí di òní. Nígbà tí IBM ń ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ó jáde ní oṣù Kẹjọ 1981, ó yan 8088 ti Intel, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbára lé olùtajà kan ṣoṣo. Ó fẹ́ kí ẹlòmíràn náà lè ṣe irú ọjà yẹn. Ìdí nìyí tí Intel àti AMD fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1982, tí AMD sì gba ẹ̀tọ́ láti ṣe pírósẹ́sọ̀ x86. Kò pẹ́ tí àdéhùn náà fi di ẹjọ́, ṣùgbọ́n AMD kò padà sẹ́yìn mọ́. Ní 1991 ó gbé Am386 jáde, tí ìyára rẹ̀ dé 40 MHz nígbà tí 386 ti Intel dúró sí 33 MHz.

Láti ìgbà náà ni ipò àwọn méjèèjì ti ń yí padà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta 2000, AMD ni ó kọ́kọ́ kéde pírósẹ́sọ̀ tí ó dé 1 GHz. Intel tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ní 2003, AMD gbé èdè àṣẹ 64-bit tirẹ̀ jáde, Intel fúnra rẹ̀ sì ní láti gbà á lò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ náà, 64-bit, lára Windows rẹ̀ ń lo iṣẹ́ AMD, bí orúkọ Intel tilẹ̀ ni ó wà lára kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní 2006 Intel gba iwájú padà pẹ̀lú Core 2 Duo. Ní 2011 AMD gbé Bulldozer jáde, èyí tí ó já àwọn oníbàárà kulẹ̀: ó ń gba iná púpọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Core méjì méjì inú rẹ̀ jọ ń pín àwọn ẹ̀yà kan lò, àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà sì pe AMD lẹ́jọ́ pé iye core tí ó kọ sára ọjà náà kì í ṣe òótọ́. Ní 2019 AMD gbà láti san mílíọ̀nù 12.1 dọ́là kí ọ̀rọ̀ náà lè parí.

Kì í ṣe ọgbọ́n iṣẹ́ nìkan ni Intel fi gba ọjà. Ní oṣù Karùn-ún 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.06 yúrò lé e lórí ẹ̀sùn pé ó ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe kọ̀ǹpútà ní ẹ̀dínwó kí wọ́n má baà ra ti AMD. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ó san bílíọ̀nù 1.25 dọ́là fún AMD láti parí aáwọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Ilé-ẹjọ́ ní Yúróòpù fagi lé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdájọ́ ẹ̀dínwó yẹn ní 2022. Fún olùrà ní Ìwó, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn lásán: ó wà lára ohun tí ó fà á tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí ó ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá fi pọ̀ ní Intel ju AMD lọ.

Ryzen àti iye owó

Oṣù Kẹta 2017 ni ìdíje lórí owó tún gbóná. Pírósẹ́sọ̀ Intel tí ó ní core mẹ́jọ nígbà náà, Core i7-6900K, ń lọ ní nǹkan bí 1,089 dọ́là. AMD gbé Ryzen 7 1800X, tí òun náà ní core mẹ́jọ, jáde ní 499 dọ́là, ó sì ta Ryzen 7 1700, core mẹ́jọ bákan náà, ní 329 dọ́là. Bí a bá pín owó yìí sórí core kọ̀ọ̀kan, ti Intel jẹ́ nǹkan bí 136 dọ́là, ti Ryzen 7 1700 sì jẹ́ 41 dọ́là. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àmọ́ iye core nìkan kọ́ ni agbára iṣẹ́. Core i7-7700K ti Intel, tí core rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin péré, ń lọ ní nǹkan bí 339 dọ́là lọ́dún kan náà, ó sì ń borí Ryzen nínú ọ̀pọ̀ eré orí kọ̀ǹpútà, nítorí pé core rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yára ju ti Ryzen lọ. Iṣẹ́ kan wà tí a lè pín fún ènìyàn mẹ́jọ, bí ẹni ń kórè oko. Òmíràn sì wà tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ kan rán aṣọ kan. Títún fídíò ìgbéyàwó tò jẹ́ iṣẹ́ oko: bí core bá ti pọ̀ tó ni yóò ti yá tó. Títẹ ìwé àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ jẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ra core mẹ́jọ láti fi tẹ̀wé ti fi owó ṣòfò, ẹni tí ó sì ń fi core méjì ṣe fídíò yóò máa jókòó tì í di òru.

Láti 2019 AMD ti ń jẹ́ kí TSMC ti Taiwan ṣe àwọn core rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà 7 nm, nígbà tí ọ̀nà 10 nm ti Intel fúnra rẹ̀ ti pẹ́ gan-an kí ó tó jáde. Ryzen 5 3600, core mẹ́fà, jáde ní 199 dọ́là lọ́dún yẹn, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn tí ń to kọ̀ǹpútà fúnra wọn fẹ́ràn jù. Intel náà fi kún core inú ọjà rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ló dára jù nínú ohun gbogbo.

Dọ́là ni wọ́n fi ń pe iye owó wọ̀nyí, náírà ni Ìwó fi ń san án. Kí ìjọba tó yí ètò pàṣípààrọ̀ padà ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní ojú òwò ìjọba. Ní 2024 ó kọjá ₦1,500. Pírósẹ́sọ̀ tí ó jẹ́ 199 dọ́là kúrò ní ₦91,540, ó di ₦298,500, láìka owó ẹrù àti èrè oníṣọ́ọ̀bù. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦30,000 kí ó tó di ₦70,000 ní oṣù Keje 2024. Èyí túmọ̀ sí pé owó oṣù mẹ́ta ni pírósẹ́sọ̀ náà gbà tẹ́lẹ̀, ó sì wá ju owó oṣù mẹ́rin lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi yíjú sí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ àti ohun tí ó wà nínú orúkọ

Àwọn tí ń tajà ní Ìwó sábà máa ń kó láptọ́ọ̀pù láti Ìbàdàn tàbí láti Computer Village ní Ìkẹjà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ti lò: EliteBook ti HP, Latitude ti Dell àti ThinkPad ti Lenovo. Ìbéèrè tí oníbàárà sábà máa ń bi oníṣọ́ọ̀bù ni pé, “Ṣé i5 ni àbí i7?” Ìbéèrè yìí kò tó, òun gan-an ni ó sì ń mú kí ènìyàn sanwó lórí ohun tí kò yẹ.

Nínú orúkọ bíi Core i5-8250U, i5 sọ ipò tí pírósẹ́sọ̀ náà wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà 8 tí ó tẹ̀lé e sọ ìran rẹ̀, lẹ́tà U sì sọ pé a ṣe é láti máa lo iná díẹ̀. Lẹ́tà H jẹ́ ti èyí tí ó lágbára tí ó sì ń gba iná. Bí ìran bá ti lé ní mẹ́sàn-án, nọ́ńbà méjì ni a ó kà. Ìran yìí ni ó ṣe pàtàkì ju i5 tàbí i7 lọ. Core i7-7500U, tí ó jáde ní 2016, ní core méjì. Core i5-8250U, tí ó jáde lọ́dún kejì, ní core mẹ́rin, iná tí wọ́n sì là sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì kò yàtọ̀: wáàtì 15. Nínú iṣẹ́ tí a lè pín, i5 yìí fi i7 yẹn sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Síbẹ̀ oníbàárà tí kò mọ̀ lè san owó kún owó láti gba i7.

AMD kò rọrùn láti kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ryzen 5 3500U ti láptọ́ọ̀pù àti Ryzen 5 3600 ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì jọ ń jẹ́ 3000, ṣùgbọ́n ìlànà Zen+ ni wọ́n fi ṣe ti àkọ́kọ́, Zen 2 sì ni wọ́n fi ṣe ìkejì. Ohun tí ó tún yẹ kí a ṣọ́ra fún ni orúkọ A4, A6 àti E2. AMD ni wọ́n, a sì ń rí wọn nínú láptọ́ọ̀pù tí ó jáde ní 2018 tàbí 2019, ṣùgbọ́n ìdílé Bulldozer ni wọ́n ti wá, wọn kì í ṣe Ryzen rárá. Ẹni tí ó gbọ́ pé AMD ti gbéra sọ, tí ó wá lọ ra A4, kò rà nínú ohun tí ó gbọ́.

Bí a bá fi ThinkPad T490, tí ó ní Core i5-8265U, wé ẹgbẹ́ rẹ̀ T495, tí ó ní Ryzen 5 PRO 3500U, a ó rí ìfiwéra tí ó mọ́ gaara, nítorí pé àwọn méjèèjì jáde ní 2019, ara wọn sì jọra. Core mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Níbi àwòrán, Vega 8 tí ó wà nínú Ryzen lágbára ju UHD 620 ti Intel lọ, ẹni tí ó bá ń ṣe àwòrán ilé tàbí fídíò yóò sì rí i, pàápàá bí RAM rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ méjì dípò ẹyọ kan. Intel ni ó sábà máa ń jẹ́ kí bátìrì pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ìran yẹn. Àǹfààní Intel mìíràn kò sí nínú ìwé kankan: nítorí pé tirẹ̀ ni ó pọ̀ jù lọ́jà, àwọn tí ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe tètè máa ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀, yálà ní Ìwó tàbí ní Ìbàdàn. Nínú irú láptọ́ọ̀pù wọ̀nyí, a ti lẹ pírósẹ́sọ̀ mọ́ pátákó pátápátá. RAM ṣeé fi kún, SSD ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n pírósẹ́sọ̀ tí ènìyàn bá rà ni yóò lò títí.

Láptọ́ọ̀pù tuntun inú páálí tí owó rẹ̀ kéré sábà máa ń ní Celeron. Celeron N4020, fún àpẹẹrẹ, ní core méjì péré. Iye owó rẹ̀ lè súnmọ́ ti tòkunbọ̀ tí ó ní i5-8250U, ọ̀pọ̀ òbí a sì yan tuntun nítorí pé ó ń dán. Bátìrì tuntun jẹ́ àǹfààní ní tòótọ́. Ní ti iṣẹ́, tòkunbọ̀ yẹn ni ó borí, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Sítíkà tí ó wà lára láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ ẹ́. Kí olùrà tó sanwó, kí ó tan kọ̀ǹpútà náà, kí ó tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, kí ó tẹ dxdiag, kí ó sì ka orúkọ pírósẹ́sọ̀ tí ó bá jáde. Bí ó bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, yóò rí iye core pẹ̀lú.

Windows 11

Ní oṣù Kẹwàá 2021 Microsoft gbé Windows 11 jáde, ó sì ní kí pírósẹ́sọ̀ Intel jẹ́ ti ìran kẹjọ sókè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje. Ní ọ̀dọ̀ AMD, Ryzen 5 3500U wà lára àwọn tí ó gbà, A4 àti A6 kò sì sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá 2025 ó dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, yàtọ̀ sí ààbò ọdún kan sí i fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ fún ọjà tòkunbọ̀ hàn kedere. Àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ń da kọ̀ǹpútà ìran kẹrin títí dé ìkeje sílẹ̀ nítorí pé Windows 11 kò gbà wọ́n, apá kan nínú wọn sì ń bọ̀ wá sí Nàìjíríà. Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí wọn, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣe ìlérí pé wọn yóò máa gba àtúnṣe ààbò. Kì í ṣe pé wọn kò wúlò: ẹni tí kò bá kọ̀ láti kọ́ Linux lè fi i5 ìran kẹfà tí ó ní RAM 8 GB àti SSD ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Àmọ́ kò yẹ kí owó rẹ̀ súnmọ́ ti ìran kẹjọ. Celeron N4020 tí a mẹ́nu bà lókè wà lára àwọn tí Windows 11 gbà, èyí tí ó fi hàn pé ìtẹ́wọ́gbà kì í ṣe agbára.

Iná mànàmáná

Ìfiwéra tí wọ́n bá ṣe ní òkè òkun kì í sábà ka iná sí owó. Ní Ìwó, iná wà lára owó pírósẹ́sọ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú ojú ìwòran rẹ̀ lè máa gba wáàtì 130, láptọ́ọ̀pù tí ó ní pírósẹ́sọ̀ U kò sì sábà ju wáàtì 20 lọ nínú iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Bátìrì inverter tí ó jẹ́ 12 V àti 100 Ah lè pèsè nǹkan bí 600 Wh bí a kò bá fẹ́ kí ó ju ìdajì lọ. Yóò gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì náà fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀, yóò sì gbé láptọ́ọ̀pù fún ọgbọ̀n wákàtí, bí a kò bá ka ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ní oṣù Kẹrin 2024 owó iná fún àwọn tí ó wà ní Band A di ₦225 fún kWh kan. Ní iye owó ìgbà yẹn, iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì yẹn ń ná ni ní ₦234 lójúmọ́. Ti láptọ́ọ̀pù jẹ́ ₦36. Oníṣòwò tí ó ní kọ̀ǹpútà ogún nínú ṣọ́ọ̀bù lè fi èyí ṣe ìṣirò tirẹ̀, kí ó sì fi epo jẹnẹrétọ̀ kún un.

Ooru náà wà níbẹ̀. Pírósẹ́sọ̀ a máa dín ìyára ara rẹ̀ kù bí ó bá gbóná jù, eruku ọyẹ́ a sì máa dí fáànù. i7 tí fáànù rẹ̀ ti dí lè lọ́ra ju i5 tí a tọ́jú lọ.

Nínú àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì tuntun, ohun kan wà tí ẹni tí ń ra ti ìran kẹtàlá tàbí kẹrìnlá Intel gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní 2024 Intel jẹ́wọ́ pé agbára iná tí ó ga jù ń ba àwọn kan nínú wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé àtúnṣe jáde, ó sì fi ọdún méjì kún àkókò ìdánilójú wọn. Àtúnṣe náà kò lè wo èyí tí ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ sàn.

Pírósẹ́sọ̀ tí kì í ṣe x86

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwó ń lo pírósẹ́sọ̀ tí kì í ṣe ti Intel tàbí AMD lójoojúmọ́ láìmọ̀, nítorí pé ìlànà ARM, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985, ni ó wà nínú fóònù wọn. Apple bẹ̀rẹ̀ sí í lo ARM nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ̀lú M1 ní oṣù Kọkànlá 2020, ó sì fi hàn pé iṣẹ́ ńlá ṣeé ṣe pẹ̀lú iná díẹ̀. Lára M1 àkọ́kọ́ yẹn náà ti wà lọ́jà tòkunbọ̀ báyìí. Bátìrì wọn a máa pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n RAM wọn kò ṣeé fi kún, àwọn ètò Windows tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ń béèrè kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí wọn tààrà.